Ife Tí Màríámù Dá Padà

Òjò ló lé Màríámù wọ ilé géèmù Adégbóyèga ní Ìtòkú lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Páálí ife wà lórí rẹ̀, omi ń kán tó-tó-tó láti etí ìbòrí rẹ̀ sí èjìká, ó sì fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ló ń wọ̀. Gbogbo ọkùnrin tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ló bojú wẹ̀yìn. Ọ̀ṣunjìmí, tí páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló wo ẹ̀yìn pẹ́ jù. Nígbà tí yóò fi dá ojú padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n rẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sọ páálí rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òjò ni mo ń sá fún."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé mi."

"Èmi kọ́ o. Aṣọ́lé yín ló sùn."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ọ̀ṣunjìmí ló ń bójú tó ilé géèmù náà, òun ló sì ń kọ́ àwọn mìíràn bí a ti ń gbá a. Ó na páàdì kejì sí i, kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Màríámù ọkùnrin ti fi bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ tọ́ ọ láti kékeré. Kí òjò tó dá, ọmọbìnrin náà ti nà án mọ́lẹ̀. Ó gbé páálí rẹ̀ rù, ó ní, "Ẹ lọ jí aṣọ́lé yín kí n tó padà wá." Ọ̀ṣunjìmí dúró sẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí i mọ́.

Ó padà wá lóòótọ́. Ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì ni, ìdílé tó ń ta abọ́ àti ife ní Ìtòkú láti ayé bàbá bàbá wọn. Ìdí ife ni wọ́n bí Màríámù sí. Kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ló ti mọ ife tanganran yàtọ̀ sí ti gíláàsì. Ní ti Ọ̀ṣunjìmí, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́dá ni wọ́n bí i sí. Ọlọ́ṣun ni ìyá rẹ̀, Ẹfúnkẹ́mi. Ojú obìnrin náà rí màbo lọ́wọ́ àbíkú kí ó tó bí èyí tó dúró, ó sì sọ ọ́ ní Ọ̀ṣunjìmí, nítorí Ọ̀ṣun ló fi í jìn ín.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán tí Alhaji sùn, Màríámù á yọ wá. Òun àti Ọ̀ṣunjìmí dá ìdíje àwọn méjì péré sílẹ̀ lórí ògbólógbòó PS4 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, fáànù inú rẹ̀ á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí arúgbó tó ń gun Òkè Olúmọ. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá borí ni yóò yí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹnì kejì padà. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ náà ń gbà ò pọ̀, kò sì mọ àmì orí, kò mọ ti ìdí.

Màríámù kọ́kọ́ kọ AGBE ODEDA. Oníbàárà kan kà á, ó ní ta ló sọ èèyàn di kèrègbè? "Àgbẹ̀ ni mo kọ o!" ni Màríámù ń pariwo, ẹ̀rín sì pa gbogbo wọn débi pé ẹnì kankan ò rántí gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ó pẹ́ kí Ọ̀ṣunjìmí tó borí. Lọ́jọ́ tó borí, ó rọra tẹ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: IFE MI.

Màríámù wò ó. "Ife rẹ wo? Èyí tó wà lórí àtẹ wa?"

"Fi àmì sí i fúnra rẹ, Àṣàkẹ́," ni Ọ̀ṣunjìmí fi oríkì pè é.

Màríámù ń wo tẹlifíṣọ̀n, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà á. "O ò lójútì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹni tí mo ń nà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń kọ̀wé sí mi."

"Ẹni tí ò ń nà náà ló fẹ́ fẹ́ ọ."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn bá ti yọ lójú ẹ̀rọ, Ọ̀ṣunjìmí kì í rí ife níbẹ̀ mọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ayé ẹ̀rọ ò gùn bí ayé èèyàn. Géèmù tuntun tó ń jáde ò bá ẹ̀rọ àtijọ́ mu mọ́, àwọn oníbàárà sì ń lọ sí Ìbàrà níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìran tuntun. Géèmù eré ọkọ̀ tí wọ́n máa ń jà lé lórí tẹ́lẹ̀, géèmù ìjà tí wọ́n fi ń pariwo wó ilé, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ sórí pẹpẹ, eruku bò wọ́n. Adégbóyèga tó ni ilé náà ní òun máa ta gbogbo ògbólógbòó ẹ̀rọ òun.

"Ẹ dákun, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀," ni Ọ̀ṣunjìmí bẹ̀ ẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe? Ìgbà rẹ̀ ti kọjá."

"Ìgbà tiwa ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Adégbóyèga wò ó, ó mi orí. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìtunu awẹ̀.

Kí awẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀ṣunjìmí lọ kí Alhaji nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaji dá a lóhùn dáadáa, ó ní kí wọ́n bu omi fún un, kí ó tó wá bi í léèrè orúkọ.

"Ọ̀ṣunjìmí ni, sà."

"Orúkọ odò," ni Alhaji wí. "Kò ṣòro. Yọ Ọ̀ṣun kúrò níwájú, sọ ìyókù di Jímọ̀. Gba ẹ̀sìn wa, kí o sì wá gba ọmọ mi."

Àwàdà díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú Alhaji ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ báyìí. Bí mo bá wọlé tọ̀ wọ́n tí mo ní orúkọ náà ò sí mọ́, mo ti pa wọ́n nìyẹn."

"Kò burú. Máa jẹ́ orúkọ rẹ. Màríámù náà á máa jẹ́ ọmọ mi."

Alhaji kì í ṣe ìkà, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dọ́ba; ohun tí yóò wí lọ́jọ́ ìdájọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó mú kí Màríámù fi Kùránì búra pé títí awẹ̀ yóò fi tán, òun ò ní pe Ọ̀ṣunjìmí, òun ò ní fi fóònù kọ̀wé sí i, òun ò sì ní fojú kàn án. Láàárín ìgbà náà ni Kọ́láwọlé, ọmọ ọ̀rẹ́ Alhaji, gbé ife gíláàsì olómi wúrà ránṣẹ́ sí Màríámù. Ẹ gbọ́ o, ó gbé ife ránṣẹ́ sí ilé oníife!

"Bí o bá gbà fún un, ife yìí la ó fi gbàlejò lọ́jọ́ ìtunu," ni Alhaji wí. "Bí o ò bá gbà, dá a padà. N ò ní fipá mú ọ."

Màríámù sunkún títí. Lọ́jọ́ kan, ó nu ojú, ó to ife náà sínú páálí bí wọ́n ti máa ń tò ó lọ́jà, ó fi bébà sáàárín wọn kí ọ̀kankan má baà fọ́, ó sì gbé e padà fún ìyá Kọ́láwọlé. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ló gbà kọjá sí ilé géèmù. Ọ̀ṣunjìmí ò sí níbẹ̀. Ó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ lábúlé. Ìbúra ò jẹ́ kí Màríámù pè é, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò ní kí ó fi Kùránì búra nípa PS4. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó pa orúkọ ẹgbẹ́ Ọ̀ṣunjìmí rẹ́, ó sì kọ ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ gbà: MO DA IFE PADA.

Ọmọ oníife ni. Ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ló ṣì wà lójú rẹ̀, kò sì ronú kan nǹkan mìíràn. Gbogbo Ìtòkú ló ti gbọ́ nípa ife Kọ́láwọlé, ó rò pé Ọ̀ṣunjìmí náà ti gbọ́. Ó bá tirẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀ṣunjìmí ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀ ló wà, ibẹ̀ ni Ẹfúnkẹ́mi sì kú sí. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé. Nígbà tí Ọ̀ṣunjìmí padà sí Abẹ́òkúta láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó tan ẹ̀rọ náà kí ara lè tù ú.

Ó kà á. Ó tún un kà. Mo dá ìfẹ́ padà.

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í wá ìtumọ̀ rere sí ọ̀rọ̀. Ìyá tó sọ ọ́ lórúkọ ti lọ, ọmọbìnrin tó tìtorí orúkọ náà pàdánù náà ti lọ. Kò bínú sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, ọmọ kì í kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkùnrin. Ó dí nọ́ńbà Màríámù lórí fóònù rẹ̀ kí òun má baà pè é bẹ̀bẹ̀, nítorí ó mọ ara rẹ̀, ó mọ̀ pé òun á bẹ̀.

"Ẹ máa tà á," ló wí fún Adégbóyèga.

"Ṣebí o ní kí n fi sílẹ̀."

"Ó ti dá ìfẹ́ padà. Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?"

Ẹnì kan ra ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ sí Papalanto. Ọ̀ṣunjìmí kó ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ Ọdẹ́dá lọ.

Ìtunu kọjá. Màríámù pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò wọlé. Ó sáré dé ilé géèmù, ó bá Adégbóyèga níbi tó ti ń tú ẹ̀rọ tuntun jáde nínú páálí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo. Adégbóyèga ro gbogbo rẹ̀ fún un, ikú ìyá àti ọ̀rọ̀ tí Ọ̀ṣunjìmí sọ kí ó tó lọ.

Màríámù jókòó lulẹ̀. "Ife ni, ẹ̀gbọ́n! Ife Kọ́láwọlé! Ife ni mo kọ!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di igbe. Adégbóyèga pe ẹni tó ra ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà ní òun ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ wọn, gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ń bú ara wọn, títí kan IFE MI, ó ti lọ, kò sì sí ibi tí a ti lè wá a rí.

Nílé, Alhaji gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Kò wí nǹkan kan nípa ife. "Ìyá rẹ̀ kú?" ló bi í.

"Wọ́n ti sin wọ́n, Bàbá."

"A ò sì tíì lọ kí i." Ó dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Lọ wọṣọ."

Ọ̀ṣunjìmí ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí ọkọ̀ náà dé. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè ìyá rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó rí Màríámù, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Alhaji, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ebè.

"Dìde, Ọ̀ṣunjìmí," ni Alhaji wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Kú ìrójú. Ẹ̀yìn ìyá rẹ á dára."

"Àmín, Bàbá. Ẹ ṣé."

Alhaji wo sàréè náà. "Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti lọ. Èmi kọ́ ni n óò gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n n ò lè so yìgì fún yín. Ẹ̀sìn mi ò gbà á, n ò sì lè parọ́ fún Ọlọ́run tìtorí ọmọ. Bí ẹ bá lọ sí kọ́ọ̀tù ní Aké, ẹ ò ní rí mi níbẹ̀. N ò ní ṣépè, n ò sì ní dí yín lọ́nà. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn." Ó padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Màríámù rìn wọ inú ebè tọ Ọ̀ṣunjìmí lọ.

"O ní o dá ìfẹ́ padà," ni Ọ̀ṣunjìmí wí.

"Ife! Ife gíláàsì tí ọkùnrin mìíràn fi wá fẹ́ mi. Òun ni mo dá padà, ìwọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà yìí."

Ọ̀ṣunjìmí fi ọwọ́ bojú. "Mo ti ní kí wọ́n ta ẹ̀rọ yẹn, Àṣàkẹ́."

"Mo mọ̀. Wọ́n ti pa wá rẹ́ kúrò nínú rẹ̀."

Ìgbà náà ni ẹkún tí kò lè sun lójú àwọn àgbà abúlé wá jáde. Ó sun ti ìyá rẹ̀, ó sun ti gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ wọn tó ti lọ, Màríámù sì dì í mú títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà, ó mú bíró nínú báàgì rẹ̀, ó nu erùpẹ̀ kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀ṣunjìmí, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta síbẹ̀: IFE.

"Kà á."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Màríámù fi àmì dò lé lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí, ó fi àmì sí ìdí lẹ́tà ìkẹyìn, ó fi àmì mí lé òun náà lórí. "Ó yá, kà á."

"Ìfẹ́," ni Ọ̀ṣunjìmí wí.

"A ó lọ sí Aké. Àga bàbá mi á ṣófo, ti ìyá rẹ náà á ṣófo, a ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Ọ̀ṣunjìmí ni wọ́n á máa pè mí ní gbogbo Ìtòkú. Láti òní lọ, n ò ní kọ̀wé sí ọ láìfi àmì sí i mọ́."

Fèrè ọkọ̀ Alhaji dún lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Màríámù nu ojú, ó lọ. Ọ̀ṣunjìmí pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé, ó jókòó ti sàréè ìyá rẹ̀. Kò gbé ọkọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, kí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ má baà pa rẹ́.