Ẹni Tí Yóò Gbọ́ Ìdáhùn

"Jókòó tì í o," ni ìyá wọn wí, ó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Bí wọ́n bá béèrè, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí o kọ ọ́ hàn án."

Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ti gbọ́. Orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé sọ ọ́ nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìrìn rẹ̀, ti fìdí balẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, ó káwọ́ lé orúnkún.

Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Ọ̀sán gan-an ni iṣẹ́ máa ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nígbà tí aṣọ bá ti gbẹ, tí àwọn oníbàárà sì ń retí kó lọ̀ ọ́. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ilé ń rí i. Bẹ́ẹ̀, sáà tó ń bọ̀ ló yẹ kí Pẹ́pẹ́yẹ wọ kíláàsì kìíní pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ aládùúgbò wọn, ọmọ tí kò bá sì dá lẹ́tà mọ̀ kò ní wọlé. Olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ló júwe ètò àwọn ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n fún ìyá. Ó ní ètò náà dára púpọ̀, àmọ́ kí wọ́n má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá bá lọ ra síléètì àti ṣọ́ọ̀kì.

Ètò náà dára lóòótọ́. Obìnrin kan tó dé fìlà gàgàrà á gbé lẹ́tà kan sókè, á béèrè ohun tí wọ́n ń pè é, á sì fọwọ́ sétí bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà á pàtẹ́wọ́: "O káre! B ni!" Ìgbà tó fọwọ́ sétí yẹn gan-an ni iṣẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

Ó ṣe é níbẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀sán náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kóra jọ sórí fóònù, tí ẹ̀fẹ̀ á máa lọ tí ẹ̀fẹ̀ á máa bọ̀. Ta ni yóò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn òun? Ó kọ́kọ́ ń yọjú wo fóònù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù gba gbogbo ojú rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ á ní, "Àǹtí, wọ́n ń béèrè." Ẹlẹ́rìn-ín á ní òun ń bọ̀, láìgbójú sókè. Ọmọ náà sọ ọ́ títí, ó sú u, ó dákẹ́.

Bí ìyá bá dé, á béèrè bóyá wọ́n jókòó wò ó. Ẹlẹ́rìn-ín á ní wọ́n jókòó wò ó. Kò kúkú purọ́, orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí. Pẹ́pẹ́yẹ á wá kọ orin ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú ìyá á dùn, á ní ọmọ òun ti mọ̀wé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ ni. Olùkọ́ tó ń dán àwọn ọmọ wò gbé páálí kan tí wọ́n kọ lẹ́tà sí sókè, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Pẹ́pẹ́yẹ káwọ́ lé orúnkún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ẹnu olùkọ́. Olùkọ́ dúró, ọmọ náà dúró. Ó gbé òmíràn sókè, bákan náà ni. Ìyá ń mi orí sí i pé kó sọ̀rọ̀, pàbó ló já sí. Olùkọ́ rọra kó páálí rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tún ọdún kan ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí wọ́n jáde, Pẹ́pẹ́yẹ fa ìyá láṣọ. "Màámi, olùkọ́ yẹn ò sọ ohun tí wọ́n ń pè é. Mo dúró dè é títí. Kò sì pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ìyá kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọmọ náà rí kọ́ nìyẹn: bí wọ́n bá béèrè, kí o dákẹ́, ìdáhùn á dé, wọn á sì yìn ọ́. Kí wọ́n tó délé, ó ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fóònù fún ìyá. Ìyá kò bú u, kò nà án.

"Mo rò pé mo ní ẹni tí mo lè fi àbúrò rẹ sílẹ̀ fún ni," ló sọ, ó sì padà sídìí aṣọ àwọn oníbàárà. Ìbá sàn fún Ẹlẹ́rìn-ín kí ìyá gbá a létí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé sáà tuntun, Ẹlẹ́rìn-ín ló mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé. Pẹ́pẹ́yẹ di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kìíní. Olùkọ́ ibẹ̀ gba ọ̀rẹ́ wọlé, ó sì rọra yọ ọwọ́ Pẹ́pẹ́yẹ kúrò. Ọmọ náà gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mi ò ṣe tèmi."

Kò yé e. Ó yí padà sí yàrá àwọn ọmọ kéékèèké, ó ń mi sọ́tùn-ún mi sósì lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, Ẹlẹ́rìn-ín kì í mú fóònù dání bí ètò bá bẹ̀rẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ sì ti ń lanu dáhùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé, tẹlifíṣọ̀n lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ, ó lè kọrin fún un, ó lè yìn ín, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ohun tí ọmọ sọ. Ẹni tó jókòó tì í nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìn-ín ti wá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló ń fi ọdún kan san gbèsè rẹ̀.