Ìpè Inú Oko Wásinmi

Bàbá tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà fẹ́ mọ ìdí tí Àràmídé kò fi kí òun.

Àràmídé kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ọ̀rọ̀ funfun ló jáde lójú dúdú: "Ọmọ ta ni ọ́, tó o fẹ́ kọjá lára àgbà láìkí i?" Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nítòsí, tó ń ro ògì ní kíṣìnnì.

Eré náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe, tó kún fún àwòrán àti ariwo ìbọn. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó o wà fún ọ, ìwọ náà á kọ ohun tó o fẹ́ ṣe sí i: "lọ síwájú", "mú àdá", "béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá". Irú rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Àràmídé àti Kọ́ládé, àbúrò rẹ̀, fi ṣeré títí nígbà èwe wọn, nídìí kọ̀ǹpútà àlòkù tí bàbá wọn gbé wálé láti ọ́fíìsì. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í gbọ́n. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n mọ̀. Bó o bá ti bá wọn sọ òmíràn, èsì wọn kì í ju "Ìyẹn ò yé mi" lọ. Nígbà tí Kọ́ládé dàgbà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, ó ṣe tirẹ̀ lédè Yorùbá. Oko bàbá àgbà wọn ní Wásinmi ló fi ṣe ibi tí eré náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Nídìí eré yìí ni wọ́n ti bá a. Ó jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò fọhùn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ó ti lé lóṣù kan báyìí tó ti ń wo àjà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé wọn ní Ṣàpọ́n, tí ìyá rẹ̀ ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Àràmídé kò ní àbúrò mìíràn. Bó bá ti Èkó dé lẹ́nu iṣẹ́, tó rí ojú yẹn, ẹkún á gbọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká Kọ́ládé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kó lè mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe kẹ́yìn.

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà padà sí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó sì rí i. Bàbá tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ní oríta oko ti sọ pé, "Kọ́ládé." Kọ́ládé sì ti kọ ọ́ pé, "Sà."

Ta ni wọn ò kọ́ ní kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí? Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni Kọ́ládé. Àgbà kì í pè é kó má dáhùn.

Àràmídé kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"O káre," ni èsì tó jáde. "Àbúrò rẹ lo wá wá."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nínú oko. Kò jìnnà. Pè é, á gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Bàbá àgbà wọn ní òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Wásinmi: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú oko. Igbó létí, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ẹni tó bá pe orúkọ níbẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Ńṣe ni wọ́n máa ń ké. Àràmídé á ké lẹ́ẹ̀mejì, "Hùú! Hùú!" Kọ́ládé á fi ẹyọ kan dáhùn láti ìdí ẹ̀gẹ́ tó bá wà. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn làwọn jọ ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àràmídé kò gbàgbé òfin yìí rí. Ṣùgbọ́n orí àga ló wà ní Ṣàpọ́n, ariwo ọ̀kadà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ta ni yóò rò ó pé inú oko lòun wà? Ìkánjú nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ ló bá a dé ibẹ̀, ẹ̀yin olóore ọ̀fẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Pe Kọ́ládé."

Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ̀ẹ́n."

Nínú yàrá Kọ́ládé, ohùn ọkùnrin kan pẹ̀lú wí pé, "Ẹ̀ẹ́n."

Abọ́ ògì já lọ́wọ́ ìyá wọn tó ti gbé e dé ibẹ̀. "Jésù! Ọmọ mi!"

Kí Àràmídé tó dé yàrá, Kọ́ládé ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ìyá wọn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife omi fún un. "Mu omi, ọmọ mi." Ó mu ún. Omi tán, ife kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá wí. Ó gbé e sílẹ̀.

"Kọ́ládé mi, ibo ló ń dùn ọ́? Ṣé o mọ bí ẹ̀rù ṣe bà wá tó?"

"Ìyẹn ò yé mi."

"Àárẹ̀ ni," ni ìyá sọ fún Àràmídé. "Jẹ́ kó sinmi."

Kọ́ládé yíjú. "Àràmídé," ló wí.

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀, kò pè é rí láì fi "àǹtí mi" kún un. Àràmídé kò jẹ́ ìpè náà. Ó yára padà sí pálọ̀. Ìlà tuntun ti wà lójú kọ̀ǹpútà: "Láti ọ̀nà jíjìn, nínú ẹ̀gẹ́, ẹnìkan ké: Hùú."

Ẹyọ kan péré. Ó wá yé e. Ó nawọ́ kó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan.

"Màmá," ni Kọ́ládé wí fún ìyá wọn tó tẹ̀ lé e wọlé, "sun ún."

"Mọ́mì, ẹ má sun ún! Kọ́ládé ló wà nínú rẹ̀."

"Kọ́ládé wo? O ò rí àbúrò ẹ níwájú ẹ ni?"

"Ó ní 'sun ún', Mọ́mì. Ìgbà wo ni Kọ́ládé bá yín sọ̀rọ̀ báyẹn rí?"

Ìyá wọn wo ọmọkùnrin náà. Àràmídé rí i pé ó ti fura. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń bu ògì sí òkú ẹnu láti oṣù kan kò ní fẹ́ béèrè ẹni tó ń mu ún.

"Ara ẹ̀ ò tíì yá tán ni," ló rọra wí. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sẹ́yìn ilé, ó da kẹrosíìnì sí i. Àràmídé fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Kọ́ládé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí ewé oko ní ìdájí. Kò jù ú sílẹ̀ títí iná fi jó tán.

Láti ọjọ́ náà, bí Àràmídé bá ti Èkó dé, ẹ̀yìn ilé ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á dúró níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, á ké lẹ́ẹ̀mejì, á fetí sílẹ̀. Ẹkún ló máa ń gbé wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó dúró síbẹ̀, ó sì ké. "Hùú! Hùú!"

Èsì wá. Kò wá láti inú eérú. Láti yàrá Kọ́ládé ni, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ní irú ohùn kan náà tí Àràmídé fi ké.

"Hùú! Hùú!"

Méjì ni.

Ìyá wọn yọjú ní kíṣìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àràmídé," ló wí, "ṣé o ò gbọ́ ni? Àbúrò ẹ ń pè ọ́. Dá a lóhùn."