Tàdáwà Ìka Chaitra

Aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́. Láti kékeré ni Chaitra ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Ningappa, bàbá àgbà rẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ aṣọ ìṣèlú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdìbò yìí, ẹ̀yìn ilé ló lóṣòó sí, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ha ìka òsì rẹ̀. Ó ha á títí awọ fi bó. Tàdáwà tí àwọn elétò ìdìbò fi sàmì sí i kò parẹ́.

Ta ni kò mọ Ningappa láàárín àwọn olóko ìrèké ìpínlẹ̀ Karnataka? Wọ́n ru ìrèké rí, wọ́n ṣẹ̀wọ̀n nítorí àwọn lébìrà, kí àwọn lébìrà náà tó dìbò gbé wọn dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Nígbà tí wọ́n di mínísítà tó ń mójú tó omi, oríkì ni àwọn obìnrin fi ń pè wọ́n: Agbómiwọ̀lú, a-kọ-rìbá-má-wẹ̀yìn. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdìbò tó kọjá. Agbára ti ń tán, ìdíje yìí sì ni àṣekẹ́yìn wọn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Lokesh, àbúrò ìyá Chaitra, fi wọ̀ ọ́ létí láàárọ̀. Lokesh sọ pé Rohini, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Chaitra tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bengaluru, kò ní lè wá.

"Ṣé kí ìbò rẹ̀ ṣòfò ni? Ẹ jọra bí ìbejì. Àbí o ò fẹ́ kí Bàbá wọlé?"

Chaitra kò tíì tó ọjọ́ orí ẹni tó ń dìbò. Síbẹ̀ ó gba káàdì ìdìbò Rohini, tó ti wà nílé, lọ́wọ́ Lokesh, ó fi ìborùn bo orí, ó sì lọ.

Ọ̀sán pọ́n, Rohini wọlé tòun ti báàgì léjìká. Orí ìdúró ló wà nínú bọ́ọ̀sì di àfẹ̀mọ́jú. Ibùdó ìdìbò ló sì kọ́kọ́ gbà lọ tòun ti ìwé ìdánimọ̀ mìíràn. Àwọn elétò ìdìbò ní ó ti dìbò.

"Ìbò mi àkọ́kọ́ láyé, tìtorí Bàbá Àgbà ni mo ṣe wá," ó ń sunkún. "Ta ló bá mi dì í?"

Chaitra ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn. Ó sáré lọ lé làálì bo ìka náà. Ó jókòó, ó dìde. Ó tan fìtílà níwájú Olúwa, àdúrà kọ̀, kò wá. Lokesh kọjá lára rẹ̀, ó rọra ní làálì náà mà yẹ ẹ́ o.

Nírọ̀lẹ́, àwọn akọ̀ròyìn kún ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń bá Ningappa du ipò ti ń pariwo pé wọ́n jíbò. Bàbá jáde láti yàrá nínú aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, wọ́n ní àwọn ń lọ fi orí àwọn búra pé kò sí olè ìbò nínú ilé yìí.

Chaitra dínà. Ó ha làálì gbígbẹ náà kúrò. Dúdú tàdáwà yọ.

"Ẹ má búra, Bàbá Àgbà. Èmi ni mo di ìbò Rohini."

Lokesh rẹ́rìn-ín gbígbẹ. "Ìbò kan ṣoṣo, Bàbá. Kí lèyí já mọ́?"

Bàbá wo ìka náà títí. "Kan ṣoṣo náà ni Rohini ní, Lokesh."

Wọ́n yíjú sí Chaitra. "Ìfẹ́ lo fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èrú gbé mi gun àga ti já mi bọ́ kí n tó jókòó. Ohun tí a bá jí kì í di tiwa, bó ti wù kí a fẹ́ràn ẹni tí a jí i fún."

Chaitra kúnlẹ̀ níwájú Rohini. Rohini kò fa ọwọ́ rẹ̀ tí Chaitra dì mú yọ.

"Ọ̀gá elétò ìdìbò ṣì wà ní ilé ìwé tí a ti dìbò," ni Bàbá wí. "Ọlọ́pàá lè wà níbẹ̀. Ipò náà sì lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé wàá lè tún un sọ?"

"Màá sọ ọ́, Bàbá."

Wọ́n gbọn etí aṣọ wọn, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó dáa. Bá mi gbé bàtà mi wá."