Ọmọ Afínjú

"Ẹ sún mọ́ iwájú! Ẹ sún, ó ti fẹ́ jáde!"

Mùínàt ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, nítòsí Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ohun tó ń gbé wọn wá síbẹ̀. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà wà lórí àga, àwọn tí kò ríbi jókòó sì rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Lọ́dún 1988 yẹn, kò sí eré tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́nu wọn bí *Ìlú Ẹ̀yìn Odò*, eré ìlú kan tí àwọn ará ayé àti àwọn ẹbọra ti jọ ń nájà. Kò sì sí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nínú eré náà bí Afínjú.

Èṣù ni wọ́n ń pe Afínjú, ṣùgbọ́n kò ní ìwo, kò ní ìrù. Agbádá funfun báláú ló máa ń wọ̀, fìlà rẹ̀ á gẹ̀ sí apá kan, ẹ̀rín rẹ̀ á sì dùn bí ẹni pé kò mọ ibi í ṣe. Bí ó bá fẹ́ ba ayé ènìyàn jẹ́, yóò kọ́kọ́ kí i dáadáa. Kò sí ẹni tó gbàgbé ọ̀sẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọba arúgbó, tí ọba ń súre fún un, tí kò mọ̀ pé ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti ń ká òjìji òun bí ẹní. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ opó tó ń sunkún létí odò, tí Afínjú na aṣọ ìnujú funfun kan sí. Bí opó náà ti nu omijé nù tán, ó gbàgbé orúkọ ọmọ tó ń tìtorí rẹ̀ sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìyá arúgbó kan ló ń ru igi bọ̀ láti oko, ó sì pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Afínjú yọ láti ẹ̀yìn igi oṣè. Ó ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹrù yìí ti wúwo jù fún yín. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Má gbà fún un!" ni gbogbo pálọ̀ ké. "Ìyá, má gbà!"

Ìyá arúgbó gbà. Nígbà tó délé, igi rẹ̀ pé nílẹ̀, ọ̀já ṣì so mọ́ ọn láyà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Ìyá kan nínú pálọ̀ tilẹ̀ ju sálúbàtà rẹ̀ lu tẹlifíṣọ̀n.

"Bí mo bá rí ọkùnrin yìí lójú títì," ni ìyá oní-sálúbàtà náà wí, "ara rẹ̀ ni yóò sọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ni kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni wọ́n fẹ́ lù yẹn.

Ifábùnmi lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, Fámúyìwá, ilé wọn kò sì jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lè pa adìyẹ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń ṣe Afínjú nínú eré ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọrin tẹ̀lé Ifábùnmi lẹ́yìn: "Ọmọ Èṣù ti dé o!" Ògúnfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, a máa bínú jáde sí wọn. "Èṣù tí àwọn bàbá wa ń bọ kì í jí ọmọ gbé!" ni yóò wí. "Ẹni tó kọ eré yẹn kò mọ Èṣù, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo náà kò sì mọ̀ ọ́n!" Ariwo kò dá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìyá rẹ̀, Oyèrónkẹ́, tó jẹ́ aránṣọ, ó mú ọmọ lọ sí ilé àwọn òbí tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lè rójú kàwé. Fámúyìwá sì ń wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lálẹ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, Ifábùnmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ifábùnmi lorúkọ òun. Comfort, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ìyá rẹ̀, ló ń jẹ́. Ó ní oníṣòwò ni bàbá òun, pé ó wà ní Òkè Ọya. Irọ́ náà rọrùn, ó sì bá a lára mu bí bàtà tuntun.

Ó ti bi bàbá rẹ̀ rí pé, "Ẹ̀yin náà kò ṣe lè ṣe ọba, Bàbá? Kí ló dé tó jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń ṣépè fún lẹ mú?"

Fámúyìwá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. "Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ló lè jókòó sórí àga ọba. Èmi fẹ́ kí àwọn ọmọ bí irú yín mọ̀ pé ibi kì í fi gbogbo ìgbà wá pẹ̀lú ojú burúkú. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìwo nìkan, ẹ̀rín ni yóò pa á."

Ifábùnmi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án nínú ẹ̀kọ́ tó ń mú wọn pe òun ní ọmọ Èṣù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣejáde, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn òbí kíláàsì wọn wá ní ọjọ́ Ẹtì. Oyèrónkẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ifábùnmi gbọ́ pé bàbá òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó fi igbá ẹ̀kọ tó ń jẹ lélẹ̀.

"Màmá, ẹ ti bà mí láyé jẹ́! Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá!"

"Ta ni n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ nìkan ló bí. Bí kò bá wá wo ìwé rẹ, ìwé ta ni kó wò?"

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ifábùnmi ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ pẹ̀lú Mùínàt àti Olúyẹmí, ọmọkùnrin kíláàsì wọn. Kò sí ẹni tó lè sín Afínjú jẹ bí Olúyẹmí. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ oríta Takie, níbi tí mọ́tò ti ń já èrò, ó gẹ fìlà, ó ń yan bí ọlọ́lá, ó ń kí àwọn ewúrẹ́ ojú ọ̀nà pé, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mùínàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ifábùnmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Igbe kan ló dá ẹ̀rín wọn dúró.

"Afínjú! Afínjú rèé o! Ó fẹ́ gba ọmọ lẹ́yìn mi!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Fámúyìwá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Takie. Ìyá àgbà kan tó pọn ọmọ sọ̀ tẹ̀lé e, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ lérí, ọrùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Fámúyìwá gbé báàgì tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò sọ: "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ìyá náà yíjú wò ó. Ó rí ẹ̀rín, ó gbọ́ ohùn. Apẹ̀rẹ̀ já lulẹ̀, èlùbọ́ fọ́n ká, ó fi igbe ta.

Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àwọn èèyàn ti yí i ká. Àwọn tó ń tajà fi ọjà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà mú irin lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, eré lásán ni," ni Fámúyìwá wí. "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Fámúyìwá lorúkọ mi."

"Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀? Ohùn rẹ̀ náà nìyẹn!"

Bí ó ti ń fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ ni ó túbọ̀ ń jọ ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò wọ̀ wọ́n létí, ó bá dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ sá sẹ́yìn!" ni ẹnìkan ké. "Ó fẹ́ ká òjìji wa!"

Àwọn èrò sì sá sẹ́yìn lóòótọ́. Àgbà ọkùnrin, ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ń fa òjìji ara wọn kúrò nílẹ̀ nítorí ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀. Bí Fámúyìwá ti gbójú sókè, ó rí aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ó rí ojú tó mọ̀.

"Ifábùnmi! Ọmọ mi, wá bá mi sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí padà.

"Ta ni Ifábùnmi?" ni Mùínàt béèrè.

Ọkùnrin onítáyà na irin sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ló ń wò. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ifábùnmi wo Mùínàt. Ó wo Olúyẹmí tí fìlà rẹ̀ ṣì gẹ̀ sí apá kan. Orin àwọn ọmọ Akẹ̀sán ń dún létí rẹ̀. Inú bí i sí bàbá rẹ̀, pé kí ló ń pe òun sí láàrin ọjà, pé ṣebí òun ti ní kó má wá.

"N kò mọ̀ ọ́n rí," ló wí. "Comfort lorúkọ mi."

Fámúyìwá la ẹnu, ó sì pa á dé. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́.

"Ẹ ò rí i!" ni ọkùnrin onítáyà wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ló tún ń pè sọ́dọ̀!"

Òkò àkọ́kọ́ bà á léjìká. Òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà náà ni Ifábùnmi rí Olúyẹmí tó bẹ̀rẹ̀, tó mú òkúta kan nílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ ju máńgòrò. Ó jù ú. Ojú òsì Fámúyìwá ló bà.

Ifábùnmi kò mọ ìgbà tó sọ àpò ìwé rẹ̀ nù. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ya àwọn èèyàn, ó dàbò bo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi ni! Irọ́ ni mo pa, bàbá mi ni! Ẹ ti fọ́ bàbá mi lójú!"

Àwọn òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ni ọwọ́ náà sì ń yọ́ lọ. Ìyá eléèlùbọ́ ló tú gèlè rẹ̀, tó fi di ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Mo gbé o," ló ń wí. "Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo gbé."

Ojú òsì náà kò ríran mọ́. Ní ilé ìwòsàn, Ifábùnmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ bínú sí mi, Bàbá. Ẹ bú mi."

Fámúyìwá fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. "Òkúta dùn mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n òkúta kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí."

Oyèrónkẹ́ ló sọ ìyókù. Ó mú ọmọ rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. "Orúkọ tí mo fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni kí o fi pa bàbá rẹ! Àwọn yẹn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní àwáwí. Ìwọ ńkọ́? Kí ni tìrẹ?"

Ifábùnmi padà wọlé, ó tún kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Ọjọ́rú tún pé, eré kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ya á sílẹ̀ tipẹ́. Pálọ̀ bàbá Mùínàt kún bí ti àtẹ̀yìnwá. Fámúyìwá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ojú méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ni Ifábùnmi bá wọlé. Ó rìn láàrin àwọn ọmọdé, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Kúrò lójú u wa níbẹ̀!" ni ẹnìkan wí.

"N kò kúrò! Ta lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ọkùnrin tí ẹ fọ́ lójú ní Takie? Afínjú inú eré kò jí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé nílùú yìí. Àwa la sọ òkò. Àwa la wo ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, tí a ní ká pa á. Nínú àwa àti Afínjú, ta ni Èṣù?" Ó nàka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi ni mo sì burú jù. Ẹ̀yin kò mọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni mí, mo sì ní n kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Mùínàt dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Olúyẹmí sá tẹ̀ lé Ifábùnmi jáde. Omijé ti bò ó lójú. "Eré ni mo pè é. N kò mọ̀ pé yóò bà á. Jọ̀ọ́, má sọ pé èmi ni."

Ifábùnmi yíjú sí i. Ọjọ́ méje ìbínú wà lójú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ọ, Olúyẹmí. Ó máa pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá ọ dákẹ́, irọ́ tí mo pa ní Takie náà ni mo tún ń pa. Lọ́la, a ó jọ lọ bá bàbá mi. Ìwọ á fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe."

Wọ́n lọ. Olúyẹmí dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Fámúyìwá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní kó dìde, ó ní kó má ṣe ju òkò mọ́ èèyàn láé, nítorí àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ó forí jì wọ́n, àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò la ojú náà. Àwọn eléré fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, Fámúyìwá kò sì ṣe eré mọ́ títí ọdún fi yí.

Kò sí ọmọ tí ẹgbẹ́ kò lè kó ìtìjú bá, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ẹni tí a sẹ́ nítorí rẹ̀ ni ìyà máa ń jẹ. Òtítọ́ kan ni Ifábùnmi sọ ní Takie, gbólóhùn kúkúrú kan: bàbá mi ni. Ká ní ó tètè sọ ọ́, ì bá gba ojú bàbá rẹ̀ là. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì bá nílẹ̀.