Fábíyìí Kò Gbọ́ Igbe Bàdírù

Ní nǹkan bí ọdún 2005, bí o bá dé etí ọ̀sà Ìjẹ̀dẹ́ tí o sì béèrè ẹni tó lè mòòkùn pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ń wa yanrìn, Fábíyìí ni gbogbo ènìyàn yóò nawọ́ sí.

Òun àti Bàdírù ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan. Ẹnì kan á gbé garawa irin, á tọ ọparun gígùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi, á bu yanrìn kún un, á sì mi okùn kí ẹnìkejì tó wà lókè lè fà á. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á bọ́ sínú omi. Ẹ̀mí ẹnì kan wà lọ́wọ́ ẹnìkejì nígbà gbogbo, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàdírù jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Fábíyìí ní tirẹ̀ jẹ́ agbéraga. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti mọ agbára ara rẹ̀, kò dé ilé Ọlọ́run mọ́. Paraga ló fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀, sìgá ló sì fi ń gba afẹ́fẹ́ bó bá jáde nínú omi. "Omi gan-an mọ̀ mí," ló máa ń wí, "kò jẹ́ fọwọ́ kàn mí."

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ọ̀fìnkìn mú un. Imú rẹ̀ dí pátápátá.

Bàdírù kìlọ̀ fún un. "Fábíyìí, jókòó sílé díẹ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ dí kì í mòòkùn."

"Ṣé imú ni mo fi ń wa yanrìn ni?" Ó fi í rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sínú omi.

Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí ìrora fi gún un létí bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Ojú ń tì í láti padà sókè lọ́wọ́ òfo, ló bá forí tì í. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i, nǹkan kan já nínú etí òsì rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ẹ̀bátí rẹ̀. Ó yára fi omi ọ̀sà ṣàn án kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Láti ọjọ́ náà, etí rẹ̀ méjèèjì pa dé. Ohùn ara rẹ̀ ń dún nínú orí rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ń bọ̀ bí ohun tó wá láti ẹ̀yìn ògiri. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò jẹ́ kí adití di okùn òun mú? Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu ènìyàn. Bí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Nílé rẹ̀ ní Ìtamágà, ìyàwó rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá, fura. "Bàbá Tèmítáyọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn." Fábíyìí jágbe mọ́ ọn.

Kàkà kó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ìṣọ́ra lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ló gbà lọ. Ọkùnrin náà wò ó tìtì, ó ní, "Ọwọ́ ayé ni. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọ ló dì ọ́ létí." Ó po ẹ̀bu dúdú mọ́ òróró, ó dà á sí i létí. Oró tó wọ orí Fábíyìí lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Ó padà sílé tìbínútìbínú, ó kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ síta lójú àwọn ará àdúgbò.

"Ìwọ lo dì mí létí!"

"Èmi? Èmi kẹ̀, Bàbá Tèmítáyọ̀?"

Kò dúró gbọ́ àlàyé. Fẹ̀hìntọlá pọn Tèmítáyọ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ lọ, Bàdírù dá ọwọ́ dúró. Ó wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, o ò dáhùn. Ṣé o ń gbọ́ràn dáadáa? Bí o ò bá gbọ́, jẹ́ ká padà sílé."

"Mò ń gbọ́ ketekete," Fábíyìí dáhùn. "Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mò ń rò."

Irọ́ náà kò gùn. Àmọ́ òun ló pa Bàdírù.

Bàdírù ló wọ omi. Nígbà tó fẹ́ jáde, àwọ̀n àtijọ́ kan tí omi ń gbé kiri wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó yọ orí, ó kígbe. Omi fà á wọlé, ó tún yọ orí, ó tún kígbe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fábíyìí kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀. Àlàfo àárín wọn kò ju gígùn apá ènìyàn méjì lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó jìnnà gbọ́ igbe náà, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ju ọwọ́. Nígbà tí Fábíyìí rí ọwọ́ wọn tó sì yíjú padà, omi ti dákẹ́.

Ó bẹ́ sínú omi. Ó gbé Bàdírù jáde, ṣùgbọ́n òkú ló gbé.

Wọ́n sin Bàdírù lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ènìyàn ń bá Fábíyìí kẹ́dùn, wọ́n ń sọ pé kádàrá ni. Hàbíbàt, opó Bàdírù, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé ọkọ òun wálé. Ọpẹ́ yẹn gún un ju èébú lọ. Ó mu ọtí títí, ọtí kò pa á. Oorun sá fún un. Bó bá di ojú, ẹnu Bàdírù tó là sílẹ̀ láìsí ohùn ló ń rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sí ìkángun èbúté Ìpakodò, ó ń wo omi pẹ̀lú èrò búburú lọ́kàn. Adélàjà, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀, pè é láti ẹ̀yìn títí. Àwọn méjèèjì ti jọ máa ń mutí rí, kí Adélàjà tó gba Jésù. Nígbà tí kò rí èsì, ó wá jókòó síwájú rẹ̀.

"Fábíyìí, o ò gbọ́ràn, àbí?"

Ẹkún bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo pa á. Ó bi mí, mo purọ́ fún un."

Adélàjà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo egbò náà. "O purọ́, ènìyàn sì kú. Mi ò lè sọ fún ọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí o bá bọ́ sínú omi yìí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò ní rì, ìwọ nìkan ni yóò rì. Jésù ti ru ẹ̀ṣẹ̀ apànìyàn rí, yóò ru tìrẹ. Dìde. Ilé ìwòsàn la ó kọ́kọ́ lọ."

Dókítà obìnrin kan fi iná wo etí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sókè, ó sì ń ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀: "Ihò tóóró kan wà láti ẹ̀yìn imú lọ sínú etí. Òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú etí. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ihò yẹn á wú, á dí. Èéfín sìgá náà ń dà á láàmú. Ẹ wá mòòkùn bẹ́ẹ̀, omi tẹ etí yín, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, ni awọ etí òsì bá ya. Oògùn tí ẹ dà sí i sì ti bà á jẹ́. Omi ló sé mọ́ ẹ̀yìn awọ ti ọ̀tún."

"Ta ló dì mí létí, dókítà?"

"Kò sí ẹni tó dì yín létí, sà. Ká ní ẹ tètè wá ni, ìsinmi àti ìtọ́jú ọ̀fìnkìn yẹn ì bá tó."

Fábíyìí rántí ìyàwó rẹ̀ lójú títì pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò lè dúró mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì kan níta ilé ìwòsàn náà, lójú àwọn aláìsàn, ó kúnlẹ̀. "Olúwa Jésù, agbéraga ni mí, onírọ́ ni mí, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ibòmíràn. Gbà mí."

Olúwa gbà á. Fábíyìí fi paraga àti sìgá sílẹ̀. Ó lo oògùn tí dókítà fún un fún ọ̀fìnkìn, kò da ohunkóhun sí etí mọ́, kò sì bọ́ sínú omi. Dókítà kọ́ ọ láti máa gbé itọ́ mì, láti máa yán, àti láti máa fún imú pọ̀ kó sì fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, láìfi agbára ṣe é. Nígbà tí omi etí ọ̀tún kò gbẹ, wọ́n lu ihò bíńtín sí awọ rẹ̀, wọ́n fà á jáde. Etí ọ̀tún là. Ti òsì kò là títí dòní.

Ó lọ sọ́dọ̀ Hàbíbàt, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹbí Bàdírù. Àwọn kan fẹ́ lù ú, kò sá. Hàbíbàt wò ó pẹ́. "Ó fẹ́ràn yín," ló wí. "Ẹ máa lọ." Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ní Ẹ̀pẹ́, Fábíyìí dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sunkún, ṣùgbọ́n kò bá a lọ lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó padà wálé. Ọ̀dọ̀ Adélàjà ni Fábíyìí ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ náà ló sì ń ṣe títí dòní. Ó rí ìdáríjì, àmọ́ Bàdírù kò jí.

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, kí ni o ń fi pa mọ́? Àìsàn ara ní dókítà, má ṣe fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ rẹ, ìgbéraga rẹ, ẹni tí o lé jáde láìṣẹ̀, ta ni yóò wò ó sàn? Jésù nìkan ni. Má ṣe dúró kí òkú ẹlòmíràn tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹni tó ronú pìwà dà lẹ́yìn ìsìnkú yóò rí àánú, ṣùgbọ́n yóò máa gbé pẹ̀lú ibojì náà.

Wọ́n lè máa sọ fún ọ pé ọjọ́ ṣì pọ̀. Irọ́ ni. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó dìde, pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ gan-an níwájú Ọlọ́run, kí o sì bẹ Jésù pé kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè.