Àgádágodo Pupa Clarrie

Ọ̀sán gangan ni. Mi ò mutí, ojú mi méjèèjì ló sì ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á.

Ní ilé iṣẹ́ pákó wa ní Mount Gambier, ní Ọsirélíà, agbára ìgbì rédíò la fi ń mú gọ́ọ̀mù tó so pákó pọ̀ gbẹ. Àpótí irin kan wà láàárín ẹ̀rọ tó ń tú agbára náà jáde àti èyí tó ń tẹ pákó. Alárinà ni Clarrie Pohlner ń pè é. Bí alárinà ò bá mú kí àwọn méjèèjì gbọ́ra yé, agbára á padà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ mítà tó ń ka èyí tó padà á fò sókè, pákó á jó. Ọgbọ̀n ọdún ni Clarrie fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára àpótí náà, kí wọ́n lè gbọ́ra yé. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, mo sì fẹ́ràn bàbá náà gan-an. Oṣù kẹfà la sin ín. Dale ọ̀gá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ ki àgádágodo pupa bàbá náà bọ̀ ọ́ lápò nínú pósí.

Dale fẹ́ ra alárinà tuntun, èyí tó ń yí ara rẹ̀.

"Lorna, aago kan làwọn tó ń ra àlòkù irin ń bọ̀. Bí ògbólógbòó yìí bá tún jó pákó kan, ó ti di tiwọn."

"Ẹ jẹ́ n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá."

"Ìwọ àti irin yìí, ẹ kúkú fẹ́ra yín."

Pákó mẹ́ta ti jó mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo pa iná, mo sì so àgádágodo mi mọ́ súìsì ńlá. Òfin wa ni: ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe á so tirẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣí ti ẹlòmíì. Mo lọ bu tíì.

Nígbà tí mo padà dé, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Kẹ̀kẹ́ ń yí. Ó lọ síwájú díẹ̀. Ó dúró. Ó padà bíńtín. Bí Clarrie ṣe máa ń yí i gan-an nìyẹn. Mo gbóòórùn tábà rẹ̀.

Àgádágodo pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n fi ìṣó họ orúkọ sí i lára: C. Pohlner.

Dale wọlé. Ó rí i. Ojú rẹ̀ funfun báláú.

"Ta ló ń ṣe irú eré yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ki àgádágodo yìí bọ bàbá lápò, ọ̀gá."

Ó fa ẹ̀mú ńlá tá a fi ń gé irin yọ. Ọkọ̀ àwọn onírin ń fọn fèrè níta.

"Ẹ má gé e," ni mo wí. "Ẹni tí àgádágodo ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó sọ ẹ̀mú náà kalẹ̀. A dúró. Kẹ̀kẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Kẹ́! Àgádágodo pupa ṣí fúnra rẹ̀.

Mo ṣí tèmi, mo tan iná. Abẹ́rẹ́ sùn sórí òdo. Bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ, kẹ̀kẹ́ ń yí tẹ̀lé e. Ọwọ́ mi wà lápò. Dale jáde, ó ní kí àwọn onírin máa lọ.

Ọdún mẹ́rin rèé. Ara ìṣó lókè àpótí ni mo ń fi àgádágodo náà kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ míì, a máa ń bá a lára súìsì, ní títì pa. Dale á gbé omi tíì kaná, a ó jókòó, a ó máa dúró de bàbá náà kó ṣe tán.