Abọ́ Omi tí Mo Kọ̀

Àga kan lé. Mo ti kà wọ́n láàárọ̀ nígbà tí mò ń gbá àgbàlá: mẹ́rin, fún àwọn ọkùnrin ilé wa mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó láti pín ẹrù Tavengwa, ẹ̀gbọ́n mi tó kú, àga ti di márùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e wá.

Ní Buhera, agbègbè wa, opó ló ń gbé abọ́ omi lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin tó bá gbé e fún ni yóò ṣú u lópó. Bí kò bá fẹ́ ẹnikẹ́ni, Tete, arábìnrin ọkọ rẹ̀, ni yóò gbé e fún. Tete á fi omi náà fọwọ́, ọ̀rọ̀ á parí, opó á jókòó sílé rẹ̀. Èmi ni Tete.

Shuvai, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti wá bá mi ṣáájú. Ọmọ méjì ló ti sin kó tó sin ọkọ, síbẹ̀ kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí. "Tete, mo ti bá Olúwa dá májẹ̀mú. Mi ò ní tìtorí ilé lọ́kọ míì. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń gbé omi bọ̀." Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé Gwatidzo, àbúrò wa tó ń gbé Harare, ti so abo màlúù kan mọ́ àgbàlá mi kí n lè kọ omi náà, kí òun lè ṣú u lópó. Gwatidzo kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò gba òkú ọ̀run gbọ́. Ilé yẹn nìkan ló gbà gbọ́.

Shuvai kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú abọ́. Mo ká apá mi mọ́ àyà.

"Tete?" Ó tún na abọ́ náà sí mi.

"Máa gbé e lọ síwájú, ìyàwó."

Gwatidzo bú sẹ́rìn-ín. "Wá síbí, arẹwà. Àbí Jésù ni yóò máa bá ọ tún òrùlé ṣe?"

Shuvai kọjá níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé abọ́ náà ka orí àga òfìfo. "Òun náà ni," ó wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fara balẹ̀ fọwọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìsàlẹ̀ abọ́ fi hàn. Gwatidzo gbé àga náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀: erùpẹ̀ gbígbẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé náà.

Shuvai kò bá mi jà, èyí ló sì ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á se sadza, ọkà àgbàdo wa, fún mi, á kúnlẹ̀, á máa da omi sí mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni omi ti ń yọ̀ kúrò lára ọwọ́ mi bí orí ewé kókò, tí ìdọ̀tí ọwọ́ náà kì í ṣí kúrò. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi òróró pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Shuvai, ta ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ó dá omi dúró. "Jésù ni mo pè, Tete. Mi ò rí ojú ẹni tó dáhùn."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí mi lọ́wọ́.

Màlúù náà ti bímọ. Àràárọ̀ ni mò ń fún wàrà rẹ̀. Wàrà kún inú garawa, ọwọ́ mi gbẹ.